Àpótí Tí Stamatis Kàn

"Ìyá àgbà! Ẹ wá wo àlejò yín!"

Kalliroi ti ti ilẹ̀kùn kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ó na apá méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ fò. Aṣọ pupa ló wọ̀, ó fi jígí oòrùn há irun. Mallory àti Jin, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì, dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.



Obìnrin bíi mẹ́fà ló wà nínú yàrá náà, aṣọ dúdú ni gbogbo wọn wọ̀. Ìgò wáìnì pupa méjì wà lórí tábìlì, pẹ̀lú bàsíà ńlá kan, aṣọ funfun tí wọ́n ká dáadáa, àti àwo àlìkámà sísè tí wọ́n fi ṣúgà bò lójú. Ìyá àgbà jókòó láàárín wọn. Nígbà tó rí ọmọ ọmọ rẹ̀, kò dìde. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mo sọ fún yín," ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà wí. Moscha ni orúkọ rẹ̀, ògiri ilé rẹ̀ ló kan ti ìyá àgbà. "Ṣé mi ò sọ fún yín pé òkú máa ń pe ẹni tó bá wù ú? Loukas fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pè é."

Loukas ni bàbá àgbà Kalliroi. Ó ti tó ọdún márùn-ún tó ti kú.

Róòmù ni àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta náà ti wá. Amẹ́ríkà ni ilé wọn, ṣùgbọ́n yunifásítì wọn ló rán wọn lọ sí Róòmù fún ìdajì ọdún. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú dé Áténì, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì dé èbúté Rafina, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi tó kẹ́yìn wá sí erékùṣù Andros. Afẹ́fẹ́ ti ń le nígbà náà, Mallory sì bì lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Ilé àlejò kan lẹ́bàá èbúté ni wọ́n sùn sí. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe kò ju kí wọ́n mu kọfí lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní àárọ̀ Sátidé, kí wọ́n lọ sí etíkun, kí wọ́n sì padà lọ́jọ́ Àìkú. Kalliroi kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò tilẹ̀ sọ fún bàbá rẹ̀. Ó fẹ́ fi ya ìyá àgbà lẹ́nu.

"Ta ló sọ fún ẹ?" ni ìyá àgbà béèrè.

"Sọ kí ni, ìyá àgbà?"

Àwọn obìnrin náà wo ara wọn lójú.

"Bàbá rẹ ò sọ nǹkan kan fún ẹ rí?" ni Moscha wí.

"Nípa kí ni? Ṣé ẹ̀ ń ṣe àjọyọ̀ ni?"

Ìyá àgbà mí kanlẹ̀. "À ń lọ gbé bàbá àgbà rẹ jáde lónìí, ọmọ mi."

"Ẹ gbé wọn jáde kúrò níbo?"

"Kúrò nínú ilẹ̀."

Jin kò gbọ́ èdè Gíríìkì rárá. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún Kalliroi. "Kí ni wọ́n wí? Ṣé a máa rí nǹkan jẹ?"

Kalliroi ń wo wáìnì náà. Ó ń wo bàsíà. Nígbà tó yá, ó rọra jókòó sórí àga tí ẹnì kan tì sí i nídìí.

Ìyá àgbà là á yé e bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní bí wọ́n ṣe ń dá iná. Ilẹ̀ ibojì ò pọ̀ ní abúlé. Bí ó bá di ọdún mélòó kan, òkú á fún òkú láyè. Wọ́n á hú egungun rẹ̀, wọ́n á fi wáìnì wẹ̀ ẹ́, wọ́n á tò ó sínú àpótí, wọ́n á sì gbé àpótí náà lọ sí ilé egungun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì. Bí wọ́n ṣe ṣe fún bàbá Loukas nìyẹn. Bí wọn yóò ṣe ṣe fún òun náà nìyẹn.

"Oṣù kẹfà la fi í sí," ni ìyá àgbà wí. "Ṣùgbọ́n Petros tó ń da ewúrẹ́ kú lọ́jọ́bọ̀. Ọ̀la la máa sin ín. Àyè mìíràn ò sí."

"Anti Marousa ńkọ́?" Àbúrò bàbá rẹ̀ nìyẹn, Áténì ló ń gbé.

"Ó ti wà ní Rafina láti ìdájí. Afẹ́fẹ́ ò jẹ́ kí ọkọ̀ kankan kúrò ní èbúté. Ọkọ̀ tó gbé ẹ wá lánàá ló kẹ́yìn."

"Ẹ ti rí i fúnra yín," ni Moscha tún wí, ó ń wo àwọn yòókù.

Moscha wọ yàrá inú lọ, ó sì gbé àpótí kan jáde lábẹ́ ibùsùn. Igi dúdú ni, ó ń dán. Wọ́n fín ìtàkùn àjàrà yí ìdérí rẹ̀ ká, ewé kan kò jọ èkejì.



Kalliroi mọ àpótí náà. Òun ló fi sáńpépà dán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ òsì, nígbà ọdún Kérésì tó kọjá, ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tí bàbá rẹ̀ ní lẹ́yìn ilé wọn ní Niú Yọ́ọ̀kì. Ó rántí pé òun béèrè ẹni tó ni í.

"Bàbá mi ló ni í," ni Stamatis, bàbá rẹ̀, dáhùn lọ́jọ́ náà. "Ẹrù wọn ni màá kó sí i."

Kalliroi rò pé ẹ̀wù ni, àti fìlà, bóyá ìlẹ̀kẹ̀ tí bàbá àgbà máa ń fi ọwọ́ kà lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi bàbá rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. "Dádì, ó kéré jù. Bàtà wọn ò ní wọ̀ ọ́."

Bàbá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó mú téèpù, ó na ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó sì wọn itan láti ìbàdí dé orúnkún. Ó wọn àpótí. "Ó tó," ló wí. "Èmi àti bàbá mi, gíga kan náà ni wá." Kalliroi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, nítorí kò rí ohun tó kan itan nínú ọ̀rọ̀ àpótí.

Nísinsìnyí ó rí i.

"Dádì mọ̀," ló wí. "Dádì mọ̀ láti ìgbà yẹn."

"Ta ni kò mọ̀?" ni Moscha dáhùn. "Ṣé Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ni? Òun ni àkọ́bí. Ọwọ́ àkọ́bí la máa ń gbé e lé. Ó ti fi àpótí ránṣẹ́ ṣáájú, ó ní òun ń bọ̀ lóṣù kẹfà wá gba bàbá òun."

Kalliroi ti fa fóònù yọ. "Ẹ jẹ́ kí n pè é."

"Rárá." Ìyá àgbà dìde fún ìgbà àkọ́kọ́. Ohùn rẹ̀ kò sókè. "Òru ṣì ni lọ́dọ̀ wọn. Bó bá sì jẹ́ ọ̀sán náà, rárá ni. Nínú nǹkan yẹn ló ti wo ìsìnkú bàbá rẹ̀. Àrùn kòrónà ti gbogbo ọ̀nà pa, ọkọ̀ òfuurufú ò gbéra. Èmi ni mo di fóònù náà mú lẹ́bàá ibojì. Mo gbọ́ bí ọmọ mi ṣe ń ké bí ọmọ ọwọ́ nínú àtẹ́lẹwọ́ mi, n ò sì lè fi ọwọ́ kàn án. Mo sọ fún un lọ́jọ́ náà pé kó má wulẹ̀ wá. Ẹnu mi ò lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì."



"Ta ló máa gba Loukas báyìí?" ni Moscha béèrè, ó ń wo ilẹ̀. "Ọwọ́ ìyá àgbà rẹ ń gbọ̀n. Bó bá bọ́ lọ́wọ́ wọn ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló yẹ kó gbà á. Bí kò sí ọmọ, ọmọ ọmọ."

Gbogbo ojú yí sí Kalliroi.

"Èmi? Etíkun ni mò ń lọ."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ojú tì í dé ìdí etí.

"Òkun ò ní sálọ, ọmọ mi," ni Moscha wí.

Ìyá àgbà kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn mú kóòtù dúdú kan lórí ìṣó, ó sì nà án sí i. Kalliroi wo kóòtù náà. Ó wo àpótí. Ó rántí bàbá rẹ̀ tó na ẹsẹ̀, tó mú téèpù lọ́wọ́. Ó gba kóòtù, ó sì wọ̀ ọ́ sórí aṣọ pupa rẹ̀.

Níta, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Kọfí lo sọ, Kalli," ni Mallory wí. Ojú rẹ̀ ti funfun bí ẹ̀fun. "Kọfí, lẹ́yìn náà etíkun. O ò sọ pé a máa hú òkú."

"Èmi náà ò mọ̀."

"Báwo lèèyàn ò ṣe ní mọ irú nǹkan báyìí nípa ilé bàbá ẹ̀?"

"Mallory, pa ẹnu ẹ mọ́," ni Jin wí. Ó yọ fìlà orí rẹ̀, ó kì í bọ àpò. "Jẹ́ ká máa lọ. Èmi á bá ẹ lọ."

Mallory kò fẹ́ dá dúró sí ilé òkú. Ó tẹ̀ lé wọn.

Ẹ̀gbẹ́ òkè ni ibojì wà, òkun ń ru gùdù nísàlẹ̀. Àlùfáà ti dé, afẹ́fẹ́ ń ká aṣọ rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Argyris, ọkùnrin tó ń gbẹ́lẹ̀ ní abúlé, ti gbé òkúta kúrò lójú ibojì, ó sì ti gbẹ́ ẹ dé ìbàdí. Ó bọ́ sínú kòtò, ó ń fi ṣọ́bìrì kó erùpẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀.

Moscha sún mọ́ Kalliroi. "Máa gbàdúrà kó ti jẹrà tán," ló sọ sí i létí. "Bí ẹran bá ṣì wà lára rẹ̀, a ó dá a padà, abúlé á sì máa sọ̀rọ̀. Wọ́n á ní ilẹ̀ kọ̀ ọ́ nítorí ẹ̀ṣẹ̀."

"Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni."

"Mo mọ̀. Ẹnu ò mọ̀."

Ṣọ́bìrì kan nǹkan, ó sì dún. Argyris jù ú sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ hú. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà, àkísà kóòtù. Ìyá àgbà mọ bọ́tìnnì rẹ̀. "Èmi ni mo rán an," ló wí, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mallory ti gbé fóònù sókè. Bóyá kò tilẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń yá ju orí rẹ̀ lọ níbikíbi tí wọ́n bá dé. Moscha gbá ọwọ́ náà. Fóònù bọ́ sínú erùpẹ̀.

"Sọ fún un," ni Moscha wí fún Kalliroi, "sọ fún un pé kó lọ ya ìyá tirẹ̀ ní fọ́tò nígbà tí wọ́n bá hú u."

Kalliroi kò túmọ̀ rẹ̀. Mallory mú fóònù rẹ̀, ó jáde ní géètì. Wọ́n gbọ́ tó ń bì lẹ́yìn ògiri.

"Ó ti dé," ni Argyris wí láti inú kòtò. "Ó mọ́. Ẹ fi ọkàn balẹ̀, ó mọ́ tónítóní."

Àwọn obìnrin ya àmì àgbélébùú. Àlùfáà bẹ̀rẹ̀ orin. Tùràrí rú, afẹ́fẹ́ sì gbá a lọ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fẹ́ tẹ́ aṣọ funfun náà lé ọwọ́ Kalliroi, afẹ́fẹ́ já a gbà, ó fẹ́ gbé e lọ sókun. Jin ló sáré mú etí rẹ̀. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí wọ́n ń wí, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó di igun méjì aṣọ náà mú, kò sì tún fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi parí.

Argyris gbé agbárí sókè, ó gbé e lé Kalliroi lọ́wọ́.

Ó ti rò pé òun yóò kígbe. Ó ti ń wá ibi tí ó máa ṣubú sí. Ṣùgbọ́n ohun tó dé ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ bí akèrègbè gbígbẹ. Ìwọ̀n ọkùnrin tó máa ń gbé e sí èjìká láti já èso ọ̀pọ̀tọ́ nìyí. Ó wò ó lójú. Eyín wúrà kan wà lápá ọ̀tún, èyí tó máa ń tàn bí bàbá àgbà bá rẹ́rìn-ín, tí Kalliroi máa ń fẹ́ fi ìka kàn nígbà tó wà ní kékeré. Ó ń tàn síbẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá àgbà," ló wí. Kò mọ ohun mìíràn tí èèyàn lè wí.

"Káàárọ̀, Loukas," ni ìyá àgbà wí lẹ́yìn rẹ̀. Ó fẹnu kan iwájú orí egungun náà, ó sì fi etí gèlè rẹ̀ nu erùpẹ̀ kúrò ní ihò ojú. "Wò ó bí o ṣe gbẹ."

Wọ́n wẹ̀ ẹ́ nínú bàsíà. Moscha ń da wáìnì, Kalliroi ń fi ọwọ́ fọ̀. Ó fọ egungun apá, ó fọ ìhà, ó fọ àwọn wẹ́wẹ́ tí kò mọ ibi tí wọ́n ti wá. Ọwọ́ rẹ̀ pọ́n dé ìgbọ̀nwọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń gbé ojú kúrò. Nígbà tó yá, kò gbé ojú kúrò mọ́. Wọ́n tò wọ́n sóòrùn lórí aṣọ, Jin sì jókòó tì wọ́n bí ẹni ń ṣọ́ ọkà fún adìyẹ.

Nígbà tí wọ́n gbẹ, Kalliroi ló tò wọ́n sínú àpótí. Itan ló kẹ́yìn. Ẹ̀rù bà á díẹ̀ kó tó gbé e sí i. Ó wọlé géérégé, kò ṣẹ́kù, kò lé, bí ẹsẹ̀ tó wọ bàtà tí wọ́n rán fún un.

Ibẹ̀ ló ti sunkún. Kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́.

Ilé egungun kò ju yàrá kékeré kan lọ. Àpótí ló kún orí pákó láti ìsàlẹ̀ dé òkè, pẹ̀lú fọ́tò ẹni tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé Loukas sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Wọ́n tan fìtílà òróró níwájú rẹ̀. Àlùfáà bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, àwọn obìnrin sì lọ pín àlìkámà sísè náà lẹ́nu géètì, bíi sàráà òkú. Kalliroi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, òórùn wáìnì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oòrùn ti yí sí ọ̀sán. Ilẹ̀ ti mọ́ ní Amẹ́ríkà.

"Ìyá àgbà, mo fẹ́ pè é."

Ìyá àgbà wo òkun. "Ìwọ lo gbà á," ló wí. "Ìwọ lo máa sọ fún un."

Bàbá rẹ̀ gbé e kíákíá. Ayùn ń ké lẹ́yìn rẹ̀, ó sì pa á. "Ọmọ mi! Ṣé Róòmù ṣì dúró? Ṣé o ò tíì jẹ wọ́n tán?"

"Mi ò sí ní Róòmù, Dádì. Abúlé ni mo wà. Lọ́dọ̀ ìyá àgbà."

"Kí ló ṣe ìyá mi?"

"Kò sóhun tó ṣe wọ́n. Àwọn nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Dádì... Petros tó ń da ewúrẹ́ ló kú."

Kalliroi gbọ́ èémí rẹ̀. Ó ń retí igbe. Ó ti ń ronú ohun tí òun máa sọ láti tù ú nínú.

"Wọ́n ti gbé e jáde," ni bàbá rẹ̀ wí. Kì í ṣe ìbéèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àwọ̀ wo ni?"

Kò yé e lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ló yé e pé egungun ló ń béèrè. "Bí ìda oyin, Dádì. Ó mọ́ tónítóní."

Bàbá rẹ̀ mí jáde, bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀. "Marousa ló gbà á?"

"Anti ò rí ọkọ̀ wọ̀. Èmi ni."

Nǹkan kan ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù lọ́hùn-ún. Kò sẹ́ni tó gbé e.

"Ṣé àpótí gbà á?"

"Ó gbà á géérégé. Dádì, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? A jọ ń dán an ni. Mò ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀."

"Ẹ̀rín lò ń rín," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ bàbá mi. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀rín náà dúró." Ó wúkọ́. "Níbo lo wà gan-an?"

"Ẹnu ilé egungun."

"Gbé fóònù lé orí àpótí. Kí o jáde. Kí o sì ti ilẹ̀kùn."

Kalliroi wo ìyá àgbà. Ìyá àgbà ti gbọ́. Ó na ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n, ó gba fóònù náà, ó wọlé. Ó tú gèlè dúdú kúrò lórí, ó ká a, ó tẹ́ ẹ sórí ìtàkùn àjàrà tí ọmọ rẹ̀ fín, ó sì gbé fóònù náà lé e jẹ́jẹ́. Ó jáde láìbo orí, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ irun funfun rẹ̀. Kalliroi ti ilẹ̀kùn.

Fèrè takisí ń dún nísàlẹ̀ òkè. Mallory ti wà nínú rẹ̀, ó fi báàgì lé ẹsẹ̀, ilé àlejò ló fẹ́ padà sí. Jin dúró láàárín ọ̀nà, ẹrẹ̀ kún orúnkún rẹ̀.

"Ṣé ò ń bọ̀?" ló béèrè.

"Ẹ máa lọ."

Láti inú ilé náà, wọ́n ń gbọ́ ohùn Stamatis, wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Moscha gòkè bọ̀ láti géètì pẹ̀lú àwo òfìfo, ó fẹ́ wọlé wá tún da òróró sí fìtílà. Kalliroi jókòó sílẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá," ló wí. "Ẹ dúró ná."